Láàrin Páànù àti Àjà: Ìtàn Ooru ní Ilé Iṣẹ́ Ọwọ́ Yorùbá

Ìfáárà

Nínú ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá, ohun tí oníṣẹ́ ṣe ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń gbé yẹ̀ wò: aṣọ òkè àti àdìrẹ, ọkọ́ àti àdá, ère àti ìlẹ̀kùn gbígbẹ́. Wọ́n a tún máa ṣàlàyé irinṣẹ́, láti orí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ títí dé orí òfì ahunṣọ. Ibi tí oníṣẹ́ jókòó sí kò fi bẹ́ẹ̀ rí irú àfiyèsí yẹn gbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, fún ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ nínú agbo ilé rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, òrùlé tí ó wà lókè orí rẹ̀ àti ògiri tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ wà lára irinṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń pinnu iye wákàtí tí ọwọ́ lè fi ṣiṣẹ́, bí òwú yóò ṣe já tó, àti bóyá ọmọ iṣẹ́ yóò lè fọkàn sí ohun tí ọ̀gá ń kọ́ ọ.

Àpilẹ̀kọ yìí ń tọpasẹ̀ ọ̀nà tí àwọn Yorùbá gbà ń dá ooru àti òtútù dúró ní ilé iṣẹ́ ọwọ́, láti ìgbà ilé alámọ̀ títí di àkókò yìí. Ohun tí ó ń fi hàn ni pé àyípadà tí ó lágbára jù lọ nínú ìtàn náà kì í ṣe dídé fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù. Àyípadà náà ni pípàdánù àjà. Nígbà tí páànù gba ipò koríko, ilé gbígbé rí àjà tuntun fi rọ́pò èyí tí ó sọnù. Ilé iṣẹ́ kò rí irú rẹ̀, gbèsè náà sì wà lọ́rùn oníṣẹ́ ọwọ́ títí di òní.

Amọ̀, Koríko àti Àjà

Samuel Johnson, nínú The History of the Yorubas tí ó parí ní ọdún 1897 tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàpèjúwe agbo ilé gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ́ yàrá tí ó yí àgbàlá ká. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀. Wọn a mọ ọ́n ní ìpele-ìpele, ìpele ìsàlẹ̀ a gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ a máa nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìnípọn yìí kì í ṣe fún agbára nìkan. Amọ̀ máa ń gba ooru díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ooru oòrùn ọ̀sán kì í fi í la ògiri náà já sínú yàrá títí di alẹ́. Nítorí náà ni yàrá alámọ̀ fi ń tutù ní àkókò iṣẹ́. Ní òru ọyẹ́, nígbà tí òtútù bá mú, ooru tí ògiri ti fi pamọ́ láti ọ̀sán di ànfààní fún ẹni tí ó sùn. Ní oṣù tí ooru bá sì pọ̀ jù, ẹni náà a gbé ẹní rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí àgbàlá. Ilé kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, láìsí pé a dá iná kan tàbí pé a yí ẹ̀rọ kankan.

Òrùlé ni ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé. Ní ilẹ̀ igbó, ewé gbòdògì àti imọ̀ ọ̀pẹ ni. Ipò tí koríko yìí wà láwùjọ hàn nínú ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́, níbi tí a ti ń kó koríko wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin. Ohun tí ń dá ooru dúró nínú òrùlé koríko ni afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín àwọn pòròpórò rẹ̀, tí kò ríbi lọ. Èéfín ààrò tí ń gba inú rẹ̀ kọjá a sì máa lé kòkòrò, a sì máa jẹ́ kí ó gbẹ.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni àjà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, wọn a to igi lé orí ògiri yàrá, wọn a sì fi amọ̀ rẹ́ òkè rẹ̀, tí yóò fi di òrùlé kékeré kan lábẹ́ òrùlé ńlá. Ìdí pàtàkì tí wọ́n fi ń ṣe é ni iná. Bí koríko bá gbiná, àjà amọ̀ ni yóò dáàbò bo ẹrù tí ó wà nínú yàrá. Àmọ́ ó tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn: ó ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín òrùlé àti orí ènìyàn, ooru tí ó bá sì la koríko já, inú àlàfo náà ni yóò ti rẹ̀. Èdè Yorùbá ya àwọn nǹkan méjì yìí sọ́tọ̀ gedegbe: òrùlé ni èyí tí òjò ń pa, àjà ni èyí tí ojú ń rí bí ènìyàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú yàrá. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn tí ó ń sọ èdè náà mọ iṣẹ́ tí ìkọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Alágbẹ̀dẹ àti Ahunṣọ

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni ó ń fẹ́ irú ìtútù kan náà. Alágbẹ̀dẹ àti ahunṣọ jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó fi èyí hàn dáadáa.

Ní ilé alágbẹ̀dẹ, iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni orísun ooru. Bí a bá fi ògiri nípọn yí iná ẹwìrì ká, ẹni tí ń fín iná kò ní lè mí. Nítorí náà, òpó ni ó ń gbé òrùlé ilé àgbẹ̀dẹ dúró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a sì máa ṣí sílẹ̀ tàbí kí ó ní ògiri kúkúrú, kí atẹ́gùn lè wọlé láti ìsàlẹ̀ kí ooru sì jáde láti òkè. Síbẹ̀, alágbẹ̀dẹ kò lè ṣiṣẹ́ ní gbangba oòrùn. Àwọ̀ irin gbígbóná ni ó fi ń mọ ìgbà tí ó yẹ láti gbé e kúrò nínú iná, àwọ̀ náà kò sì ṣeé rí dáadáa bí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù. Òrùlé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga nítorí ẹ̀ta iná, ó sì gbọ́dọ̀ ṣíji bo iṣẹ́. Àwọn tí ó ń yọ́ irin láti inú òkúta náà kò ṣe é ní gbangba: ìròyìn tí C. V. Bellamy kọ nípa ìyọ́rin ní Ọ̀la-Igbì, nítòsí Ọ̀yọ́, tí a tẹ̀ jáde ní 1904, jẹ́ ìròyìn nípa ilé ìyọ́rin, kì í ṣe ti iná inú pápá. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ yọ níbẹ̀. Kí ó tó lè lu ojú kan náà pẹ́, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba á.

Ti ahunṣọ yàtọ̀. Òfì ọkùnrin, irú èyí tí a mọ̀ mọ́ Ìṣẹ́yìn, ń fẹ́ gbọ̀ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gígùn níwájú, nítorí pé òwú rẹ̀ máa ń nà jìnnà sí ẹni tí ó ń hun ún. Abẹ́ àtíbàbà ni ahunṣọ ń jókòó sí, òwú rẹ̀ sì ń nà jáde sínú àgbàlá. Òfì obìnrin, èyí tí ó ń dúró lóòró, a máa wà lára ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí inú yàrá. Ohun tí àwọn méjèèjì ń ṣọ́ra fún ni gbígbẹ afẹ́fẹ́. Òwú tí ó ní ọ̀rinrin díẹ̀ lára lágbára ju èyí tí ó gbẹ pátápátá lọ, ìdí sì nìyí tí ọyẹ́ fi jẹ́ àkókò tí òwú ń já. Wọn a fi omi ẹ̀kọ fún òwú lókun kí wọ́n tó ta á, wọn a sì lo òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ìrì ò tíì kúrò nílẹ̀.

Èyí fi hàn pé àkókò pàápàá jẹ́ ọ̀nà ìtutù. Iṣẹ́ tí ó le a bọ́ sí òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán gangan jẹ́ ti ìsinmi, ti àtúnṣe irinṣẹ́, ti ìtàkùrọ̀sọ. Nítorí pé inú ilé ni ilé iṣẹ́ wà, oníṣẹ́ lè yí jókòó tẹ̀lé òjìji, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìlà oòrùn bọ́ sí ti ìwọ̀ oòrùn. Òun ni ó ni wákàtí rẹ̀.

Ìgbà tí Páànù Dé

Ní ọdún 1829 ni Henry Robinson Palmer gba ẹ̀tọ́ àṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ọgbọ́n kíká irin pẹlẹbẹ ní ìrísí ìgbì omi, kí ó lè dúró láìní igi púpọ̀ lábẹ́. Ní 1837, Stanislas Sorel ní ilẹ̀ Faransé gba ti ọgbọ́n fífi síńkì bo irin kí ó má baà dípẹtà. Ìṣọ̀kan ọgbọ́n méjèèjì ni páànù tí ó wọ Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ẹrù tí ó wúwo tí kò sì rọrùn láti rù lórí rí ọ̀nà tààrà wọ inú ilẹ̀. Owó kòkó ni ó sì sọ ọ́ di àmì ọlá ní Ìbàdàn, ní Iléṣà, ní Oǹdó àti ní àwọn ìlú mìíràn.

Kò yẹ kí a fi ojú àṣìṣe wo àwọn tí ó yan páànù. Iná ọyẹ́ tí ó bá mú òrùlé koríko kan lè jó àdúgbò kan tán kí a tó bomi pa á. Òwe tí ó sọ pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ló bù sí i, ọ̀rọ̀ ìtùnú àwọn tí ó mọ iná dunjú ni. Koríko ń fẹ́ àtúnṣe lóòrèkóòrè, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, ejò àti eku sì ń gbé inú rẹ̀. Páànù kò gbiná, ó ń pẹ́, ó sì ń fún ilé ní omi òjò tí ó mọ́. Ẹni tí ó ti pàdánù òwú ọdún kan sínú iná kò nílò kí ẹnikẹ́ni parọwà fún un.

Ohun tí a san fún un ni ooru. Páànù kò nípọn tó mìlímítà 1, irin sì ń gbé ooru kọjá ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún ju koríko lọ. Ní oṣù kejì àti ìkẹta ọdún, tí afẹ́fẹ́ Ìbàdàn ń gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 34 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ọ̀sán, ara páànù tí oòrùn ń pa lè ju 60 lọ. Ooru yẹn kì í dúró de atẹ́gùn kí ó tó sọ̀kalẹ̀. Ó ń tàn wálẹ̀ láti abẹ́ páànù tààrà sórí ẹni tí ó jókòó, bí ìgbà tí ènìyàn yá iná.

Ní ibi yìí ni ọ̀nà ilé gbígbé àti ti ilé iṣẹ́ ti pínyà. Ní ilé gbígbé, a dá àjà padà ní ọ̀nà mìíràn: ẹní, pákó, àti nígbà tí ó yá, pátákó ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera ti wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ní ilé iṣẹ́, ìṣirò náà dà bí ẹni pé kò pọn dandan. Àjà amọ̀ ti jẹ́ ààbò lọ́wọ́ iná. Páànù kò sì gbiná. Kí ni a tún ń fi àjà ṣe? Iṣẹ́ rẹ̀ kejì, èyí tí ó ń ṣe láìpariwo, ni a gbàgbé. Nítorí pé iná ni a tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó kà á sí ohun ìtutù títí ó fi lọ.

Ẹ̀kọ́ Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Irú ilé kan wà tí ó yọ nínú ewu yìí. Ilé ìjọ tí àwọn míṣọ́nnárì parí ní Àgbádárìgì ní 1845 ni a sábà ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí ó di Nàìjíríà. Àwọn Àgùdà tí ó padà láti Brazil àti Cuba ni wọ́n sọ ọ́ di àṣà ní Èkó. Bíríkìlà àti gbẹ́nàgbẹ́nà pọ̀ láàárín wọn, iṣẹ́ wọn sì hàn nínú mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìdílé a máa gbé òkè, ọjà tàbí iṣẹ́ ọwọ́ a sì wà nísàlẹ̀. Ètò yìí ní àbájáde kan tí ó ṣe pàtàkì fún ìtàn ooru: odindi ilé kan dúró láàárín páànù àti oníṣẹ́. Ilẹ̀ yàrá òkè di àjà ìsọ̀ ìsàlẹ̀. Aránṣọ tí ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn ńlá tí ó kọjú sí títì àti òmíràn tí ó kọjú sí àgbàlá, ń ṣiṣẹ́ nínú ìtútù tí ó jọ ti ilé alámọ̀. Àwọn tí ó ń gbé òkè ni ooru ń bá, wọ́n sì lè jáde sí àgbàlá ní ìrọ̀lẹ́. Àǹfààní yìí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní agbára láti kọ́ ju ìsọ̀ kan ṣoṣo lọ.

Òwú Lancashire, Ìwé Brooklyn

Láti mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí níbòmíràn, ó dára láti wo ibi tí aṣọ ilé-ẹ̀rọ tí a ń tà ní Èkó ti ń wá. Ní Lancashire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ó ni ilé ìhunṣọ mọ ohun tí ahunṣọ Ìṣẹ́yìn mọ̀, pé òwú gbígbẹ a máa já. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ń fẹ́ oruku omi gbígbóná sínú ilé iṣẹ́. Ó ṣe òwú lóore, ó sì ni àwọn òṣìṣẹ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ṣe òfin ní 1889 láti dín ìwọ̀n ọ̀rinrin tí a lè fẹ́ sínú ilé náà kù.

Ní Brooklyn, ní ìlú New York, ilé ìtẹ̀wé Sackett-Wilhelms ní ìṣòro mìíràn ní 1902. Ìwé wọn ń fẹ̀, ó sì ń sún kì bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ṣe ń yí padà, tí àwọ̀ kan kì í fi í bọ́ sórí èkejì bí ó ti yẹ. Willis Carrier, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ, ni ó ṣe ètò tí ó ń fi omi tútù inú ọ̀pá fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́. Èyí ni a kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ amúlétutù òde òní.

Nínú ìtàn méjèèjì, ohun èlò ni a ń tọ́jú, kì í ṣe ènìyàn. Ara òṣìṣẹ́ jẹ ìyà ní Lancashire. Ó jẹ àǹfààní ní Brooklyn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí rẹ̀ ni a ṣe é. Ahunṣọ Yorùbá kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi yí afẹ́fẹ́ padà, nítorí náà ó yí wákàtí àti ibi ìjókòó rẹ̀ padà. Bí iṣẹ́ bá sì ti ń tẹ̀lé òjìji àti òwúrọ̀, ohun tí ó tu òwú lára tu ahunṣọ náà lára. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ nìyí.

Ìbàdàn Lẹ́yìn 1948

Nígbà tí a dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, Maxwell Fry àti Jane Drew ni a gbé iṣẹ́ yíya àwòrán àwọn ilé rẹ̀ fún. Wọ́n jẹ́ kí ilé tẹ́ẹ́rẹ́ kí atẹ́gùn lè gba inú yàrá kọjá, wọ́n sì fi kọnkéré oníhò dí iwájú rẹ̀ kí òjìji lè wà láìdí atẹ́gùn lọ́wọ́. Ìwé wọn, Tropical Architecture in the Humid Zone, jáde ní 1956. Ìmọ̀ náà wọ ilé ẹ̀kọ́, ọ́fíìsì àti ilé àwọn òṣìṣẹ́ àgbà. Kò wọ ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ ní Ìbàdàn kan náà. Ní 1960 ni ilé-ẹ̀rọ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì sì gba ipò ogiri amọ̀ nípọn. Bí òrùlé koríko ti lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ìkejì nínú àwọn nǹkan mẹ́ta tí ó ń dá ooru dúró lọ.

Demas Nwoko, ayàwòrán àti akọ́lé tí ó wá láti Idumuje-Ugboko, gba ọ̀nà mìíràn ní Ìbàdàn. Ó po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì láti fi ṣe búlọ́ọ̀kù. Ó sì kọ́ New Culture Studio, ibi iṣẹ́ ọnà tirẹ̀, ní ọ̀nà tí ìrìn afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ti jẹ́ apá kan ètò ilé náà láti ìpìlẹ̀. Ní 2023, àjọ̀dún ìmọ̀ ilé kíkọ́ ti Venice fún un ní Kìnnìún Oníwúrà fún iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn ni pé ìmọ̀ amọ̀ àti atẹ́gùn kò kú. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí yóò lò ó fún ilé tí a ti ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́.

Ní ti iná mọ̀nàmọ́ná, àjọ ECN tí a dá sílẹ̀ ní 1950, tí ó di apá kan NEPA ní 1972, mú fáànù dé ọ̀pọ̀ ìsọ̀. Ṣùgbọ́n fáànù kì í mú ooru kúrò. Ó kàn ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kan náà sára ènìyàn kí òógùn lè gbẹ, kò sì lè dá ìtànṣán ooru tí ń bọ̀ láti abẹ́ páànù dúró. Nígbà tí iná bá lọ, ẹ̀rọ amúnáwá ni ó kù, ẹni tí ó bá sì tan án wọnú ìsọ̀ ti fi èéfín tí ń pa ènìyàn kún ooru.

Ìkádìí

Ìsọ̀ oníbúlọ́ọ̀kù kan, páànù lórí, ilẹ̀kùn kan níwájú, láìsí fèrèsé lẹ́yìn: èyí ni ilé iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ aránṣọ, onísọ bàtà àti atún-rédíò-ṣe mọ̀ lónìí. Àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ nínú àpótí irin tí a fi kó ẹrù gba orí òkun, níbi tí ògiri pàápàá ti di páànù. Mẹkáníìkì tí ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò kò ní òrùlé rárá, síbẹ̀ ara rẹ̀ lè tù ú jù wọ́n lọ, nítorí pé ewé ni àjà rẹ̀.

Ìtàn tí a sọ yìí kò béèrè pé kí a padà sí òrùlé koríko. Iná tí ó lé koríko lọ jẹ́ iná gidi. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé nígbà tí a bá pààrọ̀ apá kan ilé, a lè pàdánù iṣẹ́ tí kò sí ẹni tí ó fún un lórúkọ. Àjà kò náni lówó tó ẹ̀rọ amúlétutù, kò sì ń béèrè iná: ẹní tí a nà sábẹ́ páànù, pẹ̀lú ihò lókè ògiri níwájú àti lẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè jáde, ti tó láti dá òjìji kejì sílẹ̀ láàárín irin àti orí ọmọ iṣẹ́. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un kí páànù tó dé. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí iṣẹ́ ọwọ́ kan fi ń rẹ̀yìn, tí ọmọ fi ń sá kúrò nídìí iṣẹ́ baba rẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbójú sókè wo ohun tí ó wà lórí ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ ní agogo méjì ọ̀sán.